Oríkì Ọmọ Nínú Fọ́ọ̀mù Òyìnbó

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin ará wa ní Houston. Mo mọ̀ pé kò sí òde lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá ti wọ kíláàsì kọkànlá, ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé kò sẹ́ni tó máa wá lẹ dọ́là mọ́ yín níwájú orí.

Júníọ̀ làwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọmọ tó wà ní kíláàsì yẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Nílé lọ́hùn-ún, júníọ̀ ni ọmọ tó ń pọn omi fún sẹ́níọ̀. Níbí, júníọ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí gbogbo ilé ń pọn omi fún. Ìyá ń fi mọ́tò gbé e lọ sí lẹ́sìn, bàbá ń sanwó lẹ́sìn, àbúrò ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sókè, ìyá àgbà ń gbààwẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń ṣe gbogbo làálàá yìí wà nínú yàrá, ó fi aṣọ bo orí, ó ń sùn.

Mi ò dá yín lẹ́bi jù. Ọdún náà gbé ẹrù lóòótọ́. Oṣù kẹwàá ni PSAT, àbúrò SAT. Òjò ọdún tuntun ò tíì dá, SAT, ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, dé. Oṣù karùn-ún ni ìdánwò AP. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, tí Common App, ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, bá ṣílẹ̀kùn fún fọ́ọ̀mù tuntun, máàkì kíláàsì kọkànlá ni máàkì odidi ọdún tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa rí kẹ́yìn kí wọ́n tó sọ pé a gbà ọ́ tàbí a ò gbà ọ́.

Ti Texas tún wá ní ata nínú. Láti 1997 ni òfin ti wà níbí pé, tí kíláàsì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn 10 tó ṣáájú ní ẹ̀tọ́ láti wọ yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀. UT Austin ti ń gé tirẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ó ti di 5 fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ò tíì sọ àpò ìwé kalẹ̀, ẹ ti ń bi í pé, "Ipò kelòó?" Ìbéèrè tí bàbá yín fi ń lé yín kiri àgbàlá ní Ìbàdàn nìyẹn. Ẹ fò kọjá òkun kẹ́ ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àṣé inú àpótí yín ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sídìí tábìlì kan. Òde ìgbéyàwó ni, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí òpópónà Bissonnet, ní oṣù kọkànlá tó kọjá. Wọ́n kọ aago mẹ́rin sínú ìwé ìpè, nítorí náà aago méje la débẹ̀, a sì bá ìyàwó nínú mọ́tò, ó ṣì ń lẹ ìpéǹpéjú. Àwa òbí márùn-ún tọ́mọ wa wà ní kíláàsì kọkànlá la kó ara wa jọ sídìí tábìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó to àga yẹn, Ọlọ́run ló máa bá a ṣẹjọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Ìyá Dókítà. Nọ́ọ̀sì aṣiṣẹ́ òru ni wọ́n. Ọmọ wọn ti di dókítà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ náà nìkan ni kò tíì gbọ́. Mo bi wọ́n pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ń lọ. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣègùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ti ibí ò dà bíi ti UI tàbí Ifẹ̀, tọ́mọ máa ti sẹ́kọ́ńdìrì bọ́ sínú ìṣègùn tààrà. Ọdún mẹ́rin ló máa kọ́kọ́ fi kọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ló máa ṣe ìdánwò MCAT. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún mẹ́rin mìíràn. Kó tó wá dá dúró, yóò tún sìn lábẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù fún ọdún mẹ́ta, ó sì lè tó méje. Àwọn ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń gba ọmọ láti sẹ́kọ́ńdìrì fún méjèèjì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń mú ò kún ọkọ̀ bọ́ọ̀sì."

Ìyá Dókítà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n ń fi ìka kà á. Ìka tán, wọ́n yá tèmi.

"Ta ló máa wá máa jẹ́ Ìyá Dókítà ní gbogbo ọdún yẹn?"

"Ẹ ti ń jẹ́ ẹ bọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, mà. Ẹ máa jẹ́ ẹ lọ."

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yà sọ́dọ̀ lọ́yà má rò pé ẹ ti mórí bọ́. Ọdún mẹ́rin àti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Nínú mẹ́talọ́kan tí àwa òbí ń sìn, dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, ẹnjiníà nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fọ́mọ lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Ẹnì kejì ni Bàbá Harvard. Fìlà Harvard ni wọ́n dé lórí agbádá. Ní 2015, ọmọ Nàìjíríà kan rí gbogbo ilé-ìwé Ivy League mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Harvard pẹ̀lú, wọ̀. Ní 2016, ọmọ Nàìjíríà mìíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀, sẹ́kọ́ńdìrì kan náà ní Elmont, Long Island, làwọn méjèèjì sì ti jáde. Bàbá Harvard ò jẹ́ kí ìròyìn méjèèjì tutù láti ìgbà náà. Ní ọdọọdún ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé orí méjì ni wọ́n ní?"

Rárá, sà. Orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn Harvard, àwọn tó ń wọlé kì í pé márùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti mú ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá. Mo wá bi Bàbá Harvard pé kọ́ọ̀sì wo làwọn fúnra wọn ṣe ní yunifásítì. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní Medicine làwọn fi sí fọ́ọ̀mù JAMB.

Mo ní, "Èyí tí wọ́n fún yín ni mò ń bi yín."

"Zoology."

"JAMB ẹlẹ́ẹ̀kelòó?"

Wọ́n ní kí n gbé ẹran yẹn sún mọ́ àwọn.

Ẹnì kẹta ni Alága. Ẹ mọ̀ wọ́n. Tí Alága bá dìde láti náwó, ọmọdé kan máa ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn, olórin á sì gbàgbé orúkọ ìyàwó àti ọkọ. Alága ló fà mí lọ sẹ́yìn òpó, tí wọ́n ń bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa FAFSA. Fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ fi ń díwọ̀n agbára òbí nìyẹn kí wọ́n tó mọ ìrànwọ́ tọ́mọ lè rí gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé kì í ṣe owó ọdún tọ́mọ bá ń wọlé ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò. Ọmọ tó máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2027, ìwé owó orí ọdún 2025 ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ọdún tọ́mọ ń ti kíláàsì kẹwàá bọ́ sí ìkọkànlá gan-an nìyẹn. Ẹ ti ń jókòó ìdánwò, ẹ ò mọ̀.

Nígbà tí Alága gbọ́ èyí, wọ́n wo báàgì, wọ́n wo olórin. "Ṣé wọ́n máa ń wo fídíò?"

Mo ní wọn kì í wò ó, sà. Fọ́ọ̀mù náà ò béèrè iye dọ́là tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù. Harvard gan-an ti kéde ní 2025 pé ọmọ tí owó ilé wọn ò bá ju $100,000 lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀, èyí tí ò bá sì ju $200,000 lọ, kò ní san owó ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, Bàbá Harvard yọ sí wa lẹ́yìn òpó, àwọn àti Alága sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn dupò òṣì. "Èmi? Kí ni mo ní?" "Ẹ ò rí bàtà mi ni?" Wákàtí kan ṣáájú, "Ọ̀tọ̀kùlú" lolórin ń pe àwọn méjèèjì.

Ẹnì kẹrin ni ìyá kan tí mo sọ ní Ìyá Ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé Common App ní àyè mẹ́wàá fún ohun tọ́mọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo pẹ̀lú. Àyè mẹ́wàá! Ẹ̀rù bà wọ́n bí ẹni tó rí abọ́ mẹ́wàá tí kò ní ọbẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ọmọ náà ti ń ta fayolín, ó ń jiyàn ní ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn, ó ń kan róbọ́ọ̀tì, ó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ ẹgbẹ́ òmùwẹ̀, òun tó ń pariwo tí wọ́n bá da omi sí i lórí. Àyè ìkẹwàá ṣì ṣófo, ló bá dá ẹgbẹ́ aláàánú tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni olùdásílẹ̀, òun ni ààrẹ, òun ni akápò. Àbúrò rẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ti jẹ gbèsè owó oṣù mẹ́ta.

Ó wá ku èmi. Ẹ má rò pé mo ń fi tàwọn ẹlòmíràn ṣẹ̀rín kí n lè bo tèmi mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ mi ọkùnrin mú èsì PSAT wá, 1180 nínú 1520. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Níbo ni 340 tó kù wà?" Èmi tí mo gba 230 nínú 400 ní JAMB tèmi. 170 tèmi wà lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní.

Mo wá lọ ra ìwé ìmúrasílẹ̀ SAT fún un níbi tí aládùúgbò ti ń ta àlòkù. Dọ́là méjì. Ó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ, ó sì ń rùn bíi gáréèjì. Ọmọ mi ṣí i, ó wò ó, ó rọra pa á dé bí ẹni ń bo òkú lójú. "Daddy, ìdánwò inú ìwé yìí ti kú." Láti 2024, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14 péré. Ìwé náà ni mo fi ń gbé ilẹ̀kùn báyìí, kí afẹ́fẹ́ má baà máa tì í.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yé rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. A bi yín pé kí lẹ fẹ́ ṣe láyé, ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì. Bísínẹ́ẹ̀sì kí ni? Ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì ṣáá. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní Dùgbẹ̀ mọ irú bísínẹ́ẹ̀sì tó ń ṣe. Ẹ lè ka oríṣi bàtà eléré bọ́ọ̀lù ogójì, ẹ ò lè dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta tí kò ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó gbajúmọ̀. Wọ́n sì ní kẹ́ ẹ bá tíṣà méjì sọ̀rọ̀ kí kíláàsì kọkànlá tó parí, kí wọ́n lè kọ lẹ́tà tó máa gbè yín lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú yín lọ bá tíṣà tó jẹ́ pé inú kíláàsì rẹ̀ lòun ti ń sùn látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Tíṣà náà ní òun ò mọ̀ pé ó ní ojú.

Ó wá di oṣù kejì ọdún yìí, olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ọmọ mi fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun pọ̀, òun ò lè mọ gbogbo wọn tinú-tẹ̀yìn, kí á bá òun sọ̀rọ̀ ọmọ wa kí òun lè rí nǹkan kọ sínú lẹ́tà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe fọ́ọ̀mù náà? Fọ́ọ̀mù ìfọ́nnu! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Òyìnbó wá gbé fọ́ọ̀mù ìfọ́nnu fún Ìjẹ̀bú. Ta ló fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?

Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná, mo mú bírò. Ìbéèrè kìíní: ẹ fi ohun mẹ́ta ṣàpèjúwe ọmọ yín. Mo kọ ọ́ pé ó gbọ́ràn, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń jẹun dáadáa. Ìyàwó mi fa igi lé ẹ̀kẹta. Ìbéèrè kejì: kí ni ọmọ yín máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò bá rán an níṣẹ́?

Mo kọ ọ́ pé ìwé kíkà.

Ìyàwó mi wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo aláta tó to èyí tó dáa sókè, tó to èyí tó jẹrà sísàlẹ̀. Mo fa igi lé e. Àwa méjèèjì dákẹ́. Fíríìjì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé kí n pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tórí pé wọ́n mọ oríkì. Àbí kí ni fọ́ọ̀mù yìí ju oríkì lọ? Mo tẹ fóònù sí gbangba. Màmá ò tíì parí ìkíni tí wọ́n fi bọ́ sínú oríkì ìdílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá bàbá mi. Wọ́n ki ẹni tó gẹṣin, wọ́n ki ẹni tó jagun, wọ́n ki ẹni tó jẹ gbèsè tí àwọn olówó fi ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ki èmi náà, títí kan ọjọ́ tí mo jábọ́ lórí igi máńgòrò. Wọ́n wá dé orí ọmọ mi. "Àjàní ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n bá dúró.

"Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Kí ló máa ń ṣe tí n óò fi kì í?"

Èmi tí mo ti ń fọ́nnu ọmọ yìí lóde fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ipò rẹ̀ ni mo mọ̀. Máàkì rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo lè sọ iye tó gbà nínú kẹ́místírì lọ́jọ́ Tuesday. Oríkì ẹni ò sì sí nínú kẹ́místírì. Àwa tá a ni oríkì, fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ti pa wá lẹ́nu mọ́.

A lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Nígbà tó rí àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó rò pé ẹnì kan ti kú. Orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, máàpù kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa ń rìn lórí rẹ̀. Ó ní òjò ni, ó ń bọ̀ láti Gulf, yóò dé Galveston ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ti ń wò ó látìgbà ìjì Harvey. Oṣù kẹjọ 2017 nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, tí omi wọ pálọ̀ wa, tí a gbé e jókòó sórí kàbọ́ọ̀dù. Mo wá rántí pé nígbà tí ìjì Beryl ń bọ̀ ní oṣù keje 2024, ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ká gba iná sínú fóònù, ká pọn omi sílẹ̀. Mo ní kó lọ kàwé. Ilé àti ọ́fíìsì tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ lọ́wọ́ wọn. Èmi ọmọ Nàìjíríà, mo ti ta jẹnẹrétọ̀ mi, mo ní mo ti dé Amẹ́ríkà.

Ó ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ lòun fẹ́ kà. Ó ti wo Texas A&M, wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Ó ti wo Yunifásítì Oklahoma ní Norman, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ ìjì fún gbogbo Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì sí nínú ọgbà ilé-ìwé. Òun tí mo rò pé ó ń sùn!

Mo ní, "Òjò? Ṣé òjò lo fẹ́ máa so ni?"

Kò yé e, mo bá là á yé e pé nílé, tí a bá fẹ́ ṣe òde, a máa ń wá ẹni tó máa so òjò rọ̀. Ó máa gba owó, ó máa gba obì, ó máa gba ọtí, ó máa jókòó sẹ́yìn ilé. Mo ní mo gba físà, mo ṣiṣẹ́ òru fún ogún ọdún, kí ọmọ mi lè wá di a-so-òjò.

Ó bi mí pé, "Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?"

"Tí òjò ò bá rọ̀, ó ṣiṣẹ́. Tó bá rọ̀, ọ̀tá ló bà á jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní báwọn kan ṣe ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n náà nìyẹn.

Mo padà sídìí tábìlì, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé: tí ẹnikẹ́ni ò bá rán an níṣẹ́, ó máa ń wo ojú ọ̀run, ó sì máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ ìgbà tó yẹ kó ká aṣọ. Mo pe Màmá padà. Àjàní ti ní oríkì tuntun báyìí, ó gùn ju tèmi lọ, kò sì sí igi máńgòrò nínú rẹ̀.

Oṣù kẹrin la tún pàdé, níbi ọjọ́ ìbí kan tí wọ́n ṣe sí gbangba, wọn ò ta àtíbàbà. Ọmọ mi wo fóònù, ó ní láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún, òjò ń bọ̀. Ìyá Dókítà ní òjò ò ní àṣẹ níbẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, òjò pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ sábẹ́ tábìlì ìrẹsì. Gèlè di àkísà ìnujú. Alága sáré tẹ̀ lé báàgì.

Kí òjò tó dá, ìyá mẹ́ta ti fún ọmọ mi ní ọjọ́ ìnáwó wọn. Ìyá Dókítà fà mí sẹ́yìn, omi ń kán lágbọ̀n wọn.

"Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ yìí?"

Mo ní mẹ́rin. Wọ́n kà á lórí ìka. Ìka kan ṣẹ́ kù.

"Ṣé wọ́n máa ń pè wọ́n ní Dókítà?"

Mo ní tó bá kà á dé PhD, wọ́n á pè é.

Wọ́n fa àga jókòó. Wọ́n ní kí n rọra ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òjò yẹn fáwọn láti ìbẹ̀rẹ̀.